Kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò Wye: ẹ̀gbẹ́ odò wo ni ọkọ̀ ò pọ̀?

Àńtí Ṣadé, Birmingham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Èmi, ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ tọ odò Wye, láti òkè lọ́hùn-ún ní Wales títí dé Chepstow, níbi tó ti kù díẹ̀ kó wọ odò Severn. Ọjọ́ mẹ́rin la ní. A ò tíì mú ọjọ́, àmọ́ láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ni. Èmi àti ọkọ mi ti ń gun kẹ̀kẹ́ tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí kánáà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àbúrò wa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì mọ́ ọn lára láti máa rìn láàárín ọkọ̀. Bí lọ́rì bá ti sún mọ́ ọn lẹ́yìn, ńṣe ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, á lọ dúró sínú koríko. Mi ò fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sú u.

Mo ní kí fóònù júwe ọ̀nà fún wa. Ọ̀nà ńlá A470 ló ní ká gbà láti Rhayader, ó ní ká gba A438 wọ Hereford, ó tún ní ká gba A466 láti Monmouth dé Chepstow. Nígbà tí mo wo fọ́tò àwọn ọ̀nà náà, àyà mi já. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí ọkọ̀ ò pọ̀, tí kò sì jìnnà sódò? Ṣé láti òkè wá sísàlẹ̀ ló dáa jù, àbí ká bẹ̀rẹ̀ láti Chepstow? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òótọ́ pa mọ́ fún mi. Bí kò bá ṣeé ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Cardiff

Àńtí, ẹ kú ìmúra. Ó ṣeé ṣe, ọ̀nà tó dáa ju èyí tí fóònù yẹn fún yín sì wà. Ohun kan ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ṣí máàpù rárá: níbi púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan odò Wye ni ọ̀nà ńlá wà, ọ̀nà kékeré àtijọ́ á sì wà ní òdìkejì. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ tí A470 wà, kí ẹ gba òdìkejì. Bí ẹ bá di èyí mú, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó láti òkè wá. Ní Rhayader, ẹ má bọ́ sí A470 rárá. Ẹ sọdá odò sí apá ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ gba ọ̀nà tóóró tó gba Llanwrthwl lọ sí Newbridge-on-Wye. Ara ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà 8 sí ni, tí àwọn ará Wales ń pè ní Lôn Las Cymru. Níbòmíràn, koríko hù láàárín ọ̀dà. Ibi tí ẹ bá ti rí irú koríko bẹ́ẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀.

Láti Builth Wells ni ibi tí mo fẹ́ràn jù ti bẹ̀rẹ̀. A470 wà ní apá ìwọ̀-oòrùn odò, ibẹ̀ sì ni gbogbo lọ́rì tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ń gbà. Apá ìlà-oòrùn ni kí ẹ̀yin wà, lórí B4567, tó gba Aberedw lọ sí ọ̀kánkán Erwood. Ọ̀nà yìí àti odò jọ ń rìn ni, ẹ ó máa gbọ́ bí omi ṣe ń dún lórí àpáta. Nítòsí afárá Erwood, ẹ ó rí ibùdó rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ibi tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà àti tíì. Láti ọdún 1962 ni rélùwéè ò ti gba ibẹ̀ mọ́. Ẹ jókòó níbẹ̀, kí àbúrò yín sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Llanstephan lọ sí Boughrood, ẹ ó yọ sí Glasbury, Hay-on-Wye ò sì jìnnà mọ́.

Òkè wà níbẹ̀ o. Ọ̀nà ńlá ni wọ́n gé òkè fún kó lè tẹ́jú. Bí Ọlọ́run ṣe dá ilẹ̀ ni ọ̀nà kékeré ṣe ń tẹ̀ lé e, á gòkè díẹ̀, á sọ̀ díẹ̀, á tún gòkè. Jíà tó fúyẹ́ ni kẹ̀kẹ́ àbúrò yín nílò ju ohunkóhun lọ.

Bàbá Jíà, Leeds

Mo fara mọ́ ọ̀nà tí ọmọ Ẹ̀gbá júwe yìí. Bíbẹ̀rẹ̀ láti òkè ni mi ò fara mọ́. Ní ilẹ̀ yìí, àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Rhayader lọ sí Chepstow, ojú yín ló máa fẹ́ lù. Afẹ́fẹ́ máa ń tán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókun ju òkè lọ, torí òkè ní òpin, a sì ń rí òpin rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Chepstow, kí afẹ́fẹ́ máa tì yín lẹ́yìn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Cardiff

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àmọ́ àfonífojì là ń sọ yìí. Láti Rhayader dé Hay, òkè ló há odò mọ́ àárín, afẹ́fẹ́ kì í ráyè fẹ́ tààrà níbẹ̀. Láti Hay wọ Hereford, ìlà-oòrùn ni wọ́n máa kọjú sí, afẹ́fẹ́ á wà lẹ́yìn wọn. Ó ku láti Ross-on-Wye lọ sísàlẹ̀, igbó sì bo púpọ̀ nínú ibẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà. Láti Chepstow sí Monmouth ló le jù nínú gbogbo ìrìn àjò yìí. Ẹ má jẹ́ ká fi ibi tó le jù ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Bàbá Jíà, Leeds

Ti ìdí kejì yẹn, mo gbà pátápátá. Ti afẹ́fẹ́, kí wọ́n ṣáà wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó gbéra.

Nọ́ọ̀sì Hereford

Ẹ kú ìjíròrò o. Ibí ni mo ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́, òjò ni, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọ̀nà nìkan lẹ ń sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọjọ́ pẹ̀lú, torí ọ̀nà tó dá páropáro lọ́sẹ̀ yìí lè kún fọ́fọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àńtí Ṣadé, ìparí oṣù Karùn-ún wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni àjọ̀dún ìwé máa ń wáyé ní Hay. Lákòókò yẹn, ẹ ò ní rí yàrá gbà, gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú náà á sì kún fún ọkọ̀. Nínú oṣù Keje, ìpàtẹ oko ńlá tí wọ́n ń pè ní Royal Welsh Show máa ń gba ọjọ́ mẹ́rin ní Llanelwedd, tó fara kan Builth Wells. Ọkọ̀ tó ń kó màlúù àti àgùntàn, katakata, ọkọ̀ àwọn tó wá wòran, gbogbo wọn á dà síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má sún mọ́ Builth, ì báà ṣe apá ìlà-oòrùn odò, ì báà ṣe apá ìwọ̀-oòrùn. Àárín oṣù Kẹfà ni mo máa mú. Ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Àwọn àgbẹ̀ á máa gé koríko ẹran nígbà náà o, ẹ ó pàdé katakata. Àmọ́ ẹni tó ń wa katakata mọ ọ̀nà, kì í sáré pa ẹni. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ juwọ́ sí i, á juwọ́ padà.

Ó yá, ọ̀nà. Láti Hay wọ Hereford, A438 wà ní àríwá odò. Gúúsù ni kí ẹ wà. Ẹ gba B4352 lọ sí Bredwardine. Níbẹ̀, ẹ ó rí ọ̀nà kan tó kọrí sókè sí Dorstone. Ẹ má gbà á, òkè yẹn ga gọ̀nbu. Ẹ máa bá B4352 lọ díẹ̀, kí ẹ wá yà sí Preston-on-Wye, kí ẹ gba Madley àti Eaton Bishop. Ibẹ̀ tẹ́jú, oko ápù àti oko pòtétò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kìkì ibi tí ẹ ti máa wọ ìlú Hereford ni ọkọ̀ ti pọ̀. Bí àyà àbúrò yín bá ń já níbẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó fẹsẹ̀ rìn, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Láti Hereford sí Ross-on-Wye, afárá kan wà ní apá ìlà-oòrùn ìlú tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan, ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Ẹ bá a sọdá sí Rotherwas, kí ẹ gba Holme Lacy lọ sí Hoarwithy. Ní Hoarwithy, ẹ sọdá odò sí King's Caple, kí ẹ gba Fawley àti Brampton Abbotts wọ Ross. A49 wà níwọ̀-oòrùn yín ní gbogbo àkókò yìí, ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó bá ń ka èyí tó sì fẹ́ lọ nígbà òtútù, kó ṣọ́ra. Odò yìí máa ń kún. Nígbà ìjì Dennis, nínú oṣù Kejì ọdún 2020, ó ga dé mítà 6.11 níbi afárá àtijọ́ ní Hereford, kò tíì ga tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀nà kékeré etí odò tí à ń yìn yìí ni omi máa ń kọ́kọ́ bò.

Adé Tottenham

Ẹ máa bínú, ó yẹ kí ẹnì kan sọ èyí. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀nà tóóró ò léwu. Ní púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn, òfin ṣì gba ọkọ̀ láyè láti sá eré máìlì 60 ní wákàtí kan. Igi ọgbà ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, èèyàn ò sì lè rí ohun tó ń bọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kan tó yọ lójijì léwu ju ogún ọkọ̀ tó ti rí ẹ láti òkèèrè lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, B road (ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B) tó fẹ̀ díẹ̀, tó sì ní ìlà láàárín, ni mo máa mú un gbà.

Nọ́ọ̀sì Hereford

Àbúrò mi Adé, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, mi ò ní jà ọ́ níyàn lórí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ibí mọ̀ pé àgùntàn lè wà ní kọ̀rọ̀, tàbí katakata, tàbí ẹni tó ń gun ẹṣin. Wọn kì í lè sá 60 níbẹ̀ bí wọ́n tiẹ̀ fẹ́. Ní Wales, láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, máìlì 20 ni òfin gbà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà tí ilé wà, nítorí náà nínú àwọn abúlé, ará á tù yín.

Bí a ṣe ń gun ọ̀nà tóóró ló yẹ ká kọ́ àbúrò wọn. Kí ó má fara mọ́ igi ọgbà. Látìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin ìrìnnà ṣe nínú oṣù Kìíní ọdún 2022, ó ti wà nínú rẹ̀ pé kí oníkẹ̀kẹ́ máa rìn láàárín ojú ọ̀nà tirẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ò pọ̀, kí àwọn awakọ̀ lè rí i. Bí ọkọ̀ bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó wá ibi tó fẹ̀, kí ó yà, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Ìwé náà tún ní kí awakọ̀ fi ó kéré tán mítà 1.5 sílẹ̀ bó bá ń kọjá lára oníkẹ̀kẹ́. Iná iwájú àti tẹ̀yìn, kí ó tàn án lọ́sàn-án gangan, torí abẹ́ igi máa ń ṣókùnkùn. Ní kọ̀rọ̀, kí ó dín eré kù, kí ó sì lu aago.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Cardiff

Adé, B4567 tí mo dárúkọ, B road náà ni. Kì í ṣe gbogbo B ló jọra, kì í sì ṣe gbogbo ọ̀nà tí kò ní nọ́ńbà ló jọra.

Adé Tottenham

Ó yé mi. Láti Erwood sísàlẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí fún, níbi tí kò sí ìlà. Àmọ́ ìmọ̀ràn Àǹtí Nọ́ọ̀sì yẹn dáa, kí àbúrò wọn kà á fúnra rẹ̀.

Ohun mìíràn: bí ẹ bá dé Hay, kí ẹ̀yin méjèèjì gun Gospel Pass kí àbúrò dúró de yín ní ìlú. Kò sí ọ̀nà olókè tó ga jù ú lọ ní Wales, mítà 549. Ẹ ó rí gbogbo àfonífojì náà láti òkè.

Bàbá Jíà, Leeds

Adé, ọkọ àti ìyàwó tó bá fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ sílẹ̀ nílùú àjèjì lọ gun òkè, ṣé ìrìn àjò ìdílé ṣì nìyẹn? Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n ní. Kí wọ́n lọ gùn ún nígbà mìíràn.

Ọmọ Ọ̀ṣun, Bristol

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù.

Láti Ross, A40 ni fóònù máa fẹ́ gbé yín gbà. Ẹ má ṣe é láéláé, ọ̀nà alábala méjì ni, lọ́rì ló kún ibẹ̀. Ẹ gba B4234 kọjá Walford dé Kerne Bridge, ẹ wọ Goodrich, kí ẹ gba afárá Huntsham lọ sí Symonds Yat East. Láti ibẹ̀ ni Peregrine Path ti bẹ̀rẹ̀. Ojú irin rélùwéè àtijọ́ ni, ó tẹ́jú, kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀, odò wà lápá kan, igbó wà lápá kejì. Wọ́n fi orúkọ àṣá tó ń pamọ sínú àpáta ibẹ̀ pè é. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i, kì í ṣe ọ̀dà, nítorí náà táyà tóóró bíi ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje á máa yọ̀. Ní Symonds Yat náà, ẹ ó rí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa okùn rẹ̀ sọdá odò. Àbúrò yín á fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi yòókù lọ. Ó máa mú yín dé ẹnu Monmouth.

Láti Monmouth sí Chepstow ni wàhálà wà. Àfonífojì ibẹ̀ há gan-an. A466 nìkan ló rí àyè rìn lẹ́bàá odò, ó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ńláńlá máa ń sá eré àsápajúdé níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà láti yẹ̀ ẹ́. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ gun òkè ìwọ̀-oòrùn lọ sí Trellech, níbi tí òkúta gàgàrà mẹ́ta wà nílẹ̀ láti ayébáyé, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí Tintern. Ọkọ̀ ò sí níbẹ̀, àmọ́ òkè náà gùn, ó sì le. Èkejì ni kí ẹ gba A466 láàárọ̀ kùtù ọjọ́ iṣẹ́ dé Tintern, kí ẹ wá sọdá odò bọ́ sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Wye Valley Greenway.

Greenway yìí, ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì márùn-ún, ó sì gba inú ihò rélùwéè Tidenham kọjá, ihò tó gùn ju kìlómítà kan lọ. Òtútù wà níbẹ̀ kódà nígbà ooru, iná tí wọ́n tàn síbẹ̀ ò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ mú ẹ̀wù àwọ̀lékè. Ẹ sì yà wo ahoro ilé àwọn mọ́ńkì ní Tintern, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1131. Orí kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ lẹ ti máa rí i.

Bàbá Jíà, Leeds

Èyí ló dáa jù láti yẹ A466. Ihò yẹn sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ yípo ọdún, nítorí náà kò sí wàhálà ọjọ́ níbẹ̀.

Kẹ́mi Gloucester

Rárá o, Bàbá. Wọ́n máa ń tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kẹta, nítorí àwọn àdán tó ń sùn nínú rẹ̀ nígbà òtútù. Nítorí wọn náà ni iná ibẹ̀ ò fi mọ́lẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá wà nínú rẹ̀, ẹ rọra, ẹ má pariwo, ẹ má sì tan iná líle sókè. Bí wọ́n bá tì í, kò sí ọ̀nà mìíràn tó tẹ́jú, orí òkè tàbí A466 ló kù.

Bàbá Jíà, Leeds

O ṣé, ọmọ mi. Kí ẹni tó bá ka tèmi ka ti Kẹ́mi pẹ̀lú.

Ìyá Bọ̀sẹ̀, Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà ni pé aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ló fẹ́ gba abúlé wọ̀nyẹn kọjá. Mo mọ̀ pé ó ti wá sí Àńtí Ṣadé lọ́kàn, bí kò tilẹ̀ sọ. Wọ́n máa wò yín. Níbòmíràn, wọ́n lè má tíì rí irú wa lórí kẹ̀kẹ́ rí. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń tètè kí wọn, bí ó ṣe yẹ kí àlejò kí onílé. Ní Wales, mo máa ń ní "bore da" láàárọ̀, ojú wọn á sì tú ká lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ á fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé omi jáde fún mi láti ilé rẹ̀. Èmi ò ní sọ pé kò sí ẹni burúkú, àmọ́ lójú ọ̀nà kékeré yẹn, mo rí ìkíni gbà ju ti àárín ìlú lọ.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù abúlé. Ó lè tì lọ́sàn-án, ó lè má ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi. Láàárín Builth sí Hay, ẹ di oúnjẹ yín dání. Èmi máa ń di ìpékeré, ẹ̀pà sísun àti ẹyin sísè. Bí òjò bá ká yín mọ́ ọ̀nà, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì abúlé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tìlẹ̀kùn lọ́sàn-án, ìlóro wọn sì ní àga.

Ẹnjiníà Máàpù, Milton Keynes

Nípa fóònù tó gbé A470 fún yín: ẹ yí ohun tí ẹ fi ń wá ọ̀nà padà. Cycle.travel ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni, oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, ó sì máa ń yẹra fún ibi tí ọkọ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ọ̀nà tó bá fún yín wò lórí máàpù Ordnance Survey. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi ya ọ̀nà kékeré tó lọ́dà. Èyí tó funfun lè jẹ́ ọ̀nà oko tàbí ọ̀nà ilé ẹnì kan, ẹ má kàn kọrí síbẹ̀.

Ẹ má kàn tẹ̀ lé pátákó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ náà o. Ní 2020, àjọ tó ń jẹ́ Sustrans nígbà náà, tó ń bójú tó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè, yọ bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kúrò lórí máàpù, torí pé ọkọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Máàpù àtijọ́ lè ṣì máa tọ́ka síbẹ̀. Ẹ sì gba máàpù náà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí níbi púpọ̀ nínú àfonífojì láti Rhayader wá.

Àńtí Ṣadé, Birmingham

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ọkọ mi àti àbúrò wa. Ohun tí a ti rò nìyí, ní àárín oṣù Kẹfà. Ọjọ́ kìíní, rélùwéè dé Llandrindod Wells, ká gun kẹ̀kẹ́ dé Rhayader. Ọjọ́ kejì, Rhayader sí Hay. Ọjọ́ kẹta, Hay sí Ross. Ọjọ́ kẹrin, Ross sí Chepstow. Ṣé ó bójú mu?

Nọ́ọ̀sì Hereford

Ọjọ́ kẹta yẹn ti gùn jù. Láti Hay sí Ross lọ́nà tí mo júwe á lé ní 40 máìlì. Ẹ̀yin méjèèjì lè ṣe é. Àbúrò yín á ṣe é lóòótọ́, àmọ́ á ti rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbádùn Peregrine Path lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kó gbádùn jù. Ẹ parí rẹ̀ sí Hereford. Rélùwéè tó lọ tààrà sí Birmingham wà níbí. Ẹ fi Ross dé Chepstow sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ọmọ Ọ̀ṣun, Bristol

Ó dùn mí láti gbà, torí ìsàlẹ̀ ni tèmi, àmọ́ òótọ́ ni. Ẹ padà wá nínú oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n tó ti ihò ilẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Cardiff

Èmi náà fara mọ́ ọn. Ẹ lo ọjọ́ tó ṣẹ́ kù ní Elan Valley, lẹ́bàá Rhayader. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tó gùn tó máìlì mẹ́sàn-án, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ àwọn ìdídò tó sé omi níbẹ̀ ni, mọ́tò ò sì gba orí rẹ̀. Kí àbúrò yín fi ibẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dunjú kó tó rí ọ̀nà tóóró. Ẹ̀yin ará Birmingham sì ni omi yẹn wà fún. Láti 1904 ni omi ti ń ṣàn láti ibẹ̀ wá fún yín, máìlì 73, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń gbé e, kò sí ẹ̀rọ tó ń fà á.

Àńtí Ṣadé, Birmingham

Ọkọ mi ò mọ̀ pé Wales ni omi tí à ń mu ti ń wá! Ó ti parí nìyẹn. Elan, Hay, Hereford, ilé. Àbúrò wa ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀rù ò bà á tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ti ń wá jíà tuntun fún kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Rélùwéè nìkan ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Ṣé wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà?

Kẹ́mi Gloucester

Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó san owó yàrá kankan. Ní Shrewsbury ni ẹ ti máa wọ rélùwéè tó ń lọ sí Llandrindod. Àwọn ọkọ̀ ọ̀nà yẹn kéré, àyè kẹ̀kẹ́ inú wọn ò pọ̀, wọn kì í sì í ju bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lóòjọ́. Bí ẹ bá pàdánù ọ̀kan, ẹ lè dúró fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ fi fóònù pe iléeṣẹ́ rélùwéè, ẹ béèrè iye kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbà. Bí méjì ni, kí ẹnì kan nínú yín ṣáájú pẹ̀lú ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ku wákàtí díẹ̀ kí àwọn yòókù dé, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kẹ̀kẹ́ wà nínú ìlú Llandrindod gan-an, kó lọ wo ibẹ̀.

Ẹnjiníà Máàpù, Milton Keynes

Ẹ máa rántí, nítorí oṣù Kẹsàn-án tí ẹ fẹ́ padà wá: láti ọjọ́ kìíní oṣù yẹn ni àwọn àgbẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ọgbà etí ọ̀nà, torí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ẹyẹ pamọ tán. Ẹ̀gún á wà nílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tóóró, ó sì máa ń wọ táyà ju ìṣó lọ. Tíúbù méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pọ́ńpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹ sì yọ ẹ̀gún kúrò nínú táyà kí ẹ tó fi tíúbù tuntun sí i.